Ọdẹ àti Ọ̀dẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Pẹja Básì Kó sì Bọ̀ Lọ́wọ́ Òfo

Láàárín ọdẹ àti ọ̀dẹ̀, àmì ohùn méjì péré ló wà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ru àmì méjèèjì lórí kiri etíkun Kent ní England, láti Herne Bay títí dé Dungeness, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti àpò tí kò gbọ́ òórùn ẹja rí. Ẹni tó bá jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ tí kò kọ́ ẹlòmíràn, ahun ni. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, mo fọwọ́ sọ̀yà pé ìpẹ́ ẹja kan ṣoṣo ò ní í lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ẹja tí à ń wí ni èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní sea bass. Ara rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí òjò tó ṣú, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ó lágbára, ó sì mọ̀jà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, pé mo fẹ́ lọ dúró de básì ní Herne Bay, ó ní, "Ṣé rélùwéè ò ṣiṣẹ́ lónìí ni?" Bọ́ọ̀sì ló gbọ́. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ọdún kan ni mo tó mọ̀ pé òun gan-an ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ra gbogbo ọjà tán kó o tó fojú kan omi

Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ yìí, ohun èlò fẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ń fẹ́: ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9, tó lè ju ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàárín gíráàmù 7 sí 28, ríìlì kékeré tí wọ́n kọ 3000 sí lára, okùn híhun tín-ín-rín tó lè gbé pọ́n-ùn 15, àti okùn mìíràn bíi mítà kan níwájú rẹ̀, tó mọ́ gaara tí ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, tí wọ́n ń pè ní lídà. Ọ̀pá àti ríìlì pa pọ̀ kò wúwo tó ìgò mínírà kan tó kún. Èèyàn lè fi ju ìjẹ láti àárọ̀ dalẹ́ kí èjìká má dùn ún.

Ṣùgbọ́n ṣé ìdí nǹkan tín-ín-rín ló yẹ kí wọ́n ti bá irú ìwọ? Ra ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 13, èyí tí wọ́n fi ń ju òjé sí àárín òkun. Ra ríìlì tó tó orí ọmọ tuntun. So ìjẹ gíráàmù 10 mọ́ ọn, kó o wá jù ú tagbára tagbára. Iwájú bàtà rẹ ni yóò balẹ̀ sí. Ọmọ odó lo fi ń lé eṣinṣin.

Ó ku ìjẹ. A kì í lo ekòló níbi iṣẹ́ yìí, a kì í lo edé. Ìjẹ ayédèrú là ń lò: ẹja pílásítíìkì, ẹja rọ́bà, ẹja irin, kálukú pẹ̀lú ìwọ̀ tirẹ̀. Ẹyọ kan lè tó owó pọ́n-ùn 10, ó lè tó 20, ìyẹn owó àpò ìrẹsì kékeré kan. Èyí tó lójú pupa, èyí tí ikùn rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò, èyí tó ń kọ mànà bíi léèsì ìyàwó, kó gbogbo wọn. Má ṣe bi ara rẹ pé ta ni wọ́n kùn wọ́n fún. Ẹja kì í gbé owó wọ ṣọ́ọ̀bù.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti rí pẹlẹbẹ irin kan tí ilé-iṣẹ́ ABU ti Sweden ti ń ṣe láti ìgbà àwọn bàbá wa. Toby lorúkọ rẹ̀. Orúkọ ọmọ mi! Kò tóbi o, gíráàmù 18 ni, ṣùgbọ́n mo ra mẹ́fà nítorí ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́lò, òkúta etíkun Reculver gba mẹ́rin nínú wọn. Inú bí mi, mo pe ilé, mo ní, "Ìyá Tóbi, Tóbi ti bọ́ sómi!" Ọmọ náà jókòó níwájú ìyá rẹ̀, ó ń jẹ kọ́ọ̀nfléèkì. Síbẹ̀, igbe ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ ké kó tó bojú wò ó. Àtìgbà náà ni wọ́n ti fòfin de orúkọ ìjẹ nínú ilé wa.

Ẹ̀kọ́ kejì: Má ṣe wo ìwé àkókò omi

Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkún òkun àti fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ibi tó o tẹ́ ẹní sí láàárọ̀, o ṣì lè bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ti Herne Bay yàtọ̀. Ohun tí wọn óò sọ fún ọ ni pé nígbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá yọ kíkún, omi ibẹ̀ ń gòkè ju mítà mẹ́rin lọ, pé wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló fi ń wọlé, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló fi ń jáde, àti pé lọ́jọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí ti àná. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àti básì yìí, omi nìkan ló ní táímùtébù tí kì í yẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀dẹ̀ kì í wò.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì nìyí: bí omi bá ti ń gun orí ẹrẹ̀ àti òkúta padà, akàn á jáde, edé á jáde, àwọn ẹja wẹ́wẹ́ á wọ́ wá jẹun, básì á sì tẹ̀ lé wọn bí adìyẹ ṣe ń tẹ̀ lé ẹni tó ń fẹ́ àgbàdo. Nítorí náà, ìgbà tí omi bá ti lọ pátápátá ni kó o dé. Rin ẹrẹ̀ lọ bá a. Mo rìn ín. Bàtà òsì mi ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Omi tó ń padà bọ̀ kì í gba iwájú rẹ nìkan. Ó ń gba àwọn kòtò tó wà lẹ́yìn rẹ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ìgbà tó o bá máa yíjú padà, o ti dúró sórí erékùṣù. 999 ni nọ́ńbà tí à ń pè, Coastguard ni ká ní a fẹ́. Mo mọ̀ ọ́n lórí.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Sun oorun rẹ tó

Básì a máa wá sí omi tí kò jìn nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, nígbà tó bá ń ṣú àti lóru. Nínú oṣù Kẹfà, oòrùn Kent ti yọ kí aago márùn-ún tó lù. Ọ̀dẹ̀ ò níṣẹ́ níta lásìkò yẹn. Mu tíì rẹ, jẹ búrẹ́dì rẹ, wọkọ̀ ojú irin aago mẹ́sàn-án, kó o dé etí òkun nígbà tí àwọn ọmọdé bá ti ń fi ẹsẹ̀ lu omi, tí ajá ń lúwẹ̀ẹ́, tí òkun sì tẹ́jú bíi dígí. Bí o bá gbọ́ pé atẹ́gùn ń fẹ́ ìgbì díẹ̀ wá sí èbúté, tí omi ń hó funfun lára òkúta, dúró sílé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni básì ń fẹ́, nítorí ìgbì ló ń bá a gbọn oúnjẹ jáde nínú ihò òkúta.

Ìwé àtijọ́ pẹ̀lú dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Mo ra ọ̀kan lọ́jà àlòkù. Ó ní ní Dungeness, omi gbígbóná ń tú sókè nínú òkun láti ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì, pé The Boil ni wọ́n ń pè é, pé ẹyẹ àti ẹja ń wọ́ lọ síbẹ̀. Ìwé náà ò parọ́, lásìkò tí wọ́n kọ ọ́. Àṣé ilé-iṣẹ́ náà ti ṣíwọ́ mímú iná jáde láti 2018. Wákàtí márùn-ún ni mo fi dúró de ìkòkò tí wọ́n ti yọ iná lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Fa ìjẹ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé

Ìjẹ ayédèrú ò ní ẹ̀mí, ọwọ́ rẹ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Èyí tó ń léfòó, ó yẹ kó máa rìn sọ́tùn-ún sósì lójú omi bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi àríyá. Ẹja rọ́bà tí wọ́n fi ìwọ̀ rẹ̀ pa mọ́ sínú ara lè gba àárín koríko òkun kọjá láìkọ́. Lóru, jẹ́jẹ́ là ń fa rọ́bà funfun gbọọrọ, débi tí wàá fi rò pé o ti sùn lọ. Ká dá dúró díẹ̀, ká fà díẹ̀, torí ẹja tó ṣàárẹ̀ ni básì ń wá, ẹja tára ẹ̀ dá á ń ná an lágbára.

Gbàgbé ìyẹn. Yí ríìlì bí ẹni tó ń fa omi kànga nígbà tí ilé ń jó. Bí o bá rí àwọn ẹja ńlá tó ń lúwẹ̀ẹ́ lójú omi èbúté, tí ẹnu wọn ń ṣe múkẹ́múkẹ́, dúró sídìí wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mullet ni wọ́n, ewéko àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń lá. Fífi ẹja irin lọ̀ wọ́n dà bí fífi súyà lọ ewúrẹ́.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Di okùn rẹ bí ẹni ń di bàtà

Ìdè kan wà tí wọ́n ń pè ní FG, òun ni wọ́n fi ń so okùn híhun mọ́ lídà. Wíwé ni, ọ̀tún òsì, ọ̀tún òsì, nǹkan bí ogún ìgbà, bí ìgbà tí ìyá wa ń fi òwú kó irun. Wàá fi itọ́ tutù ú kó o tó fà á le. Ó ń gba sùúrù, ìka á sì ta ọ́. Ìwọ kàn ta á ní kókó, kó o ní "ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà, wá bọ́tìnnì roboto tó wà lórí ríìlì, ìyẹn bíréèkì, kó o sì lọ́ ọ títí kò fi ní lè yí mọ́. Iṣẹ́ bíréèkì ni pé kó jẹ́ kí okùn máa tú díẹ̀díẹ̀ bí ẹja bá ń sá, kí ẹja fi agbára ara rẹ̀ rẹ ara rẹ̀. Lídà tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni sinmi, jíjá ló ń já.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún kejì, nǹkan kan gba ìjẹ mi. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ọ̀pá sì nà padà gbọnrangandan, ó fẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìsáná. Mo fa okùn wọlé, mo gbé orí rẹ̀ súnmọ́ iná tọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ pé ó já ni, ẹnu rẹ̀ ì bá rí jákujàku. Kò já. Ó lọ́ rìnrìn bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé àmì ìdè tó yọ̀ nìyẹn. Ẹja ò ṣe mí ní nǹkan kan, kókó mi ló tú. Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹja náà lọ pẹ̀lú ìwọ̀ lẹ́nu, òun tí kò wí, tí kò fọ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹfà: Ọwọ́ ló wà fún ohun gbogbo

Lẹbẹ ẹ̀yìn básì, ẹ̀gún ni. Etí ìdérí ìjàgbọ̀n rẹ̀ mú bí abẹ. Kò léyín gígùn, ẹnu rẹ̀ kàn rí ṣákiṣàki. Ọlọ́gbọ́n a máa mú ẹ̀mú dání láti yọ ìwọ̀, a sì ti fi ẹ̀mú kan náà tẹ ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ náà wọlé kó tó kúrò nílé, kó lè rọrùn yọ lẹ́nu ẹja àti lára ènìyàn.

Èmi ò tẹ nǹkan kan. Ìjẹ mi há sára igi tó dá ìgbì dúró. Mo fà á, kò wá. Mo fi gbogbo ara fà á. Ó wá. Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta náà fò bí oyin, ó sì bà sí àtàǹpàkò mi. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú mi lọ́sibítù, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bọ̀dá. Ẹja mélòó lẹ wá rí pa?" Mo ní, "Èmi nìkan náà ni."

Ẹ̀kọ́ keje: Òfin ò kan àlejò

Wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ń pẹja lójú òkun England bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀ létí odò. Ibi tí ọ̀dẹ̀ ń ka òfin dé nìyẹn. Ó ṣẹ́ ku díẹ̀. Láti 2015, básì tí kò bá gùn tó sẹ̀ǹtímítà 42, omi ló ń padà sí. 36 ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n abo rẹ̀ kì í sábà yé ẹyin títí yóò fi dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè gbà á ju ọdún márùn-ún lọ. Lọ́dún 2025, méjì péré lẹnì kan lè mú relé lóòjọ́, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún náà, gbogbo èyí téèyàn bá pa, ó gbọ́dọ̀ dá a padà láàyè. Bí ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dáná òde bá sì ní òun á rà á lọ́wọ́ rẹ, èèwọ̀ ni: ẹja apẹja ìgbafẹ́ kì í dé ọjà.

Ẹ̀kọ́ kẹjọ: Bó bá dójú ẹ̀, rà á

Ìgbà tí ojú bá fẹ́ tì ọ́ tán, ṣọ́ọ̀bù ò jìnnà. Mo ra básì méjì, mo tú wọn sínú àpò mi, mo fi omi òkun wọ́n wọn. Ìyá Tóbi tú àpò náà sínú bẹ́sìn, kò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú kan. Ó wá ní, "Bàbá Tóbi, méjèèjì gùn bákan náà bíi búrẹ́dì agolo kan." Mo ní ìbejì ni wọ́n. Ó ní, "Ta ló bá ìbejì yọ ìfun nínú òkun?"

Ọ̀pọ̀ básì tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, inú àwọ̀n ọ̀sìn ní Turkey àti Greece ni wọ́n ti sìn wọ́n, ìwọ̀n àwo oúnjẹ kan ni wọ́n sì ń sìn wọ́n dé. Ìyá Tóbi ò mọ ìyẹn. Ó kàn mọ ẹja, ó sì mọ ọkọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ìkẹyìn: Wọ inú omi lọ pátápátá

Èyí ló ṣe iyebíye jù, ìdí nìyí tí mo fi fi í pa mọ́ sẹ́yìn. Ra ṣòkòtò ọlọ́rá tó dé àyà, rin wọ inú omi títí yóò fi dé ìbàdí, kó o wá ju ìjẹ síbi tó jìnnà jù. Bí mo ṣe ń ṣe é fún ọdún mẹ́ta nìyẹn. Òkun ibẹ̀ pọ́n bíi tíì oníwàrà, èèyàn ò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Wọ́n ní odò kì í kún bo ẹja lójú. Ojú tèmi ló bò.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án, omi ń wọlé, mo ti rì dé ìbàdí nítòsí Reculver. Bàbá Òyìnbó kan jókòó sórí igi lẹ́yìn mi, bàtà rẹ̀ gbẹ. Kò ju ìjẹ rẹ̀ síwájú, ńṣe ló ń jù ú lọ gba etí omi, ibi tí kò ju orúnkún lọ. Ó ti pa méjì. Ó wò mí títí, ó wá ní, "Ọ̀gá, orí wọn lo dúró lé."

Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò ọlọ́rá mi ló ń gbà kọjá. Mo rọra padà sẹ́yìn, mo bọ́ sórí òkúta, mo dúró kí omi náà fara balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ju ẹja rọ́bà kan síbi tí mo ti dúró tẹ́lẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan. Mo dá dúró. Nǹkan kan kan ọ̀pá, "kọ̀!", bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn tó mọ̀ pé o wà nílé. Bíréèkì tú, ìdè mi ò tú. Nígbà tó wá sẹ́sẹ̀ mi, ó tàn bí abọ́ tuntun. Mo tẹ́ tépù sí i lára: 41. Mo pa ìrù rẹ̀ pọ̀ kó lè gùn sí i: 41. Mo gbé e sínú omi, mo dì í mú jẹ́jẹ́ títí ó fi mí dáadáa, ó sì fi ìrù gbá mi lọ́wọ́ kó tó lọ.

Mo pe àbúrò bàbá mi ní Ìgbókọ̀dá, ìlú àwọn apẹja Ìlàjẹ, ẹni tó ti ń fa àwọ̀n kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Mo pa ẹja lónìí."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó dáa o. Mélòó?"

"Ọ̀kan ni, sà. Mo ti dá a padà sómi."

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ta ló gbà á lọ́wọ́ ẹ?"

Mo ṣàlàyé 42, mo ṣàlàyé abo ẹja àti ẹyin rẹ̀, mo ṣàlàyé ìjẹ ayédèrú. Wọ́n tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n wá fa ọ̀rọ̀ kan jáde díẹ̀díẹ̀: "Ọmọ mi, ó ti hàn sí mi báyìí. O ti di ọ…dẹ." Nẹ́tíwọ̀kì ń já, ó gbé àmì ohùn rẹ̀ mì. Títí dòní, ojú ń tì mí láti pè wọ́n padà bi wọ́n pé èwo ni wọ́n pè.